Ilé wà ní Ouèdo, iṣẹ́ wà ní Kútọnu

Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2002, ènìyàn 665 100 ni ó ń gbé ní Kútọnu. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2013, iye náà di 679 012. Odindi ọdún 11 kọjá, síbẹ̀ ìlú tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè kò fi ènìyàn 14 000 lé ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Abomey-Calavi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ènìyàn 307 745 di 656 358 láàrin ìgbà kan náà. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo iye mẹ́rin yìí yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kútọnu kò dẹ́kun láti máa dàgbà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kó lọ sùn sí ibòmíràn. Calavi ni wọ́n ti ń jí, Kútọnu ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún bá yí po, tí àwọn aláṣẹ bá jáde láti jíyìn iṣẹ́ wọn fún ará ìlú, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ka iye ilé tí wọ́n kọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ka gígùn títì tí wọ́n ṣe. Ilé wà ní ojú ewé kan, títì wà ní ojú ewé mìíràn. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́ fún èkíní, wọn a pàtẹ́wọ́ fún èkejì, kálukú a sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé inú ilé náà ni ó ń rin ọ̀nà náà, àpò kan náà ni ó sì ti ń yọ owó àwọn méjèèjì.

Kí a wo Ouèdo. Ìjọba Ààrẹ Patrice Talon, tí ó gorí oyè ní oṣù kẹrin ọdún 2016, pinnu láti kọ́ ilé 20 000 káàkiri orílẹ̀-èdè fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bọ́ sí Ouèdo, ọ̀kan nínú agbègbè 9 tí ó para pọ̀ di kómúùnù Abomey-Calavi. Ilé 10 849 ni wọ́n là sílẹ̀ fún ibẹ̀ nìkan. Ibi tí ó jẹ́ oko àti igbó lánàá ti di ìlú tuntun, tí ilé alájà tò tẹ̀lé ara wọn, tí títì sì gba àárín wọn kọjá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń di ẹjọ́ ní ẹkùn Calavi, níbi tí ènìyàn ti lè ra ilẹ̀ lónìí kí ẹlòmíràn yọ ìwé ilẹ̀ kan náà jáde lọ́la, yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní wá fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sí lára ògiri. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti Kétu, Pobẹ̀ àti Sábẹ wá ṣòwò ní Kútọnu ni wọ́n ti pàdánù owó ogún ọdún sínú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ ìka sí ìwé rẹ̀ láìlè kà á. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti mú kí ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí ó sọ irú ìwé tí ó fi ẹni tí ó ni ilẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ àtijọ́ kò tíì san.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ẹni tí ilé Ouèdo wà fún. Ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀ ni pé kí ènìyàn máa gbé inú ilé náà, kí ó sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù títí ilé yóò fi di tirẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn fún olùkọ́, fún nọ́ọ̀sì, fún ẹni tí báńkì mọ ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n télọ̀ kò ní ìwé owó oṣù. Bírikìlà tí ó mọ ògiri náà gan-an kò ní in. Ìyá tí ó ń ta àkàsà ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà kò ní in. Kì í ṣe pé owó kì í kọjá lọ́wọ́ wọn. Ó ń kọjá lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń dá àjọ fún ọdún mẹ́wàá láìyẹ ọjọ́ kan. Alájọ mọ̀ wọ́n, ó sì ní káàdì tí ó fi ń sàmì sí gbogbo owó tí wọ́n dá. Bí ètò ilé bá gba ìwé owó oṣù nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí kò sì ka káàdì alájọ sí nǹkan kan, a jẹ́ pé ó ti ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní torí wọn ni òun ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìta. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń darí ètò náà jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn alájọ, kí wọ́n wá bí ènìyàn yóò ṣe máa san owó ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò le tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọn obìnrin ọjà ti ń ṣe é kí báńkì tó dé ilẹ̀ yìí.

Bí ẹni náà bá wá rí ilé gbà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó kàn. Ouèdo kì í ṣe Gbégamey. Ó ju kìlómítà 15 lọ láti ibẹ̀ dé àárín Kútọnu. Bí obìnrin kan bá ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, tí ó sì kó lọ sí Ouèdo, ó gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ. Zémíjàn ni yóò gbé e dé ojú títì ńlá. Ọkọ̀ akérò ni yóò gbé e dé Godomey, níbi tí gbogbo ẹni tí ó ń ti Calavi bọ̀ àti gbogbo ẹni tí ó ń ti Ouidah bọ̀ ti ń pàdé ara wọn. Wọ́n kọ́ afárá ńlá síbẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa gba òkè àti ìsàlẹ̀ kọjá, ó sì ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n afárá kò lè gbe ohun tí ọ̀nà iwájú kò lè gbà. Láti ibẹ̀ dé Vêdoko, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ni yóò tún gbà padà. Owó tí ó rò pé òun fi pamọ́ lórí owó ilé, ó ti san án fún àwọn awakọ̀. Àkókò tí ìbá fi tọ́jú ọmọ rẹ̀, orí ìjókòó ọkọ̀ ni ó lò ó sí. Nínú ìṣirò ọdún, ìdílé kan tí ó rí ilé gbà ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Wákàtí mẹ́rin tí ó ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́ kò ní ojú ewé kankan.

Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó ń gbé ẹrù yìí lórí títí di òní. Zémíjàn ni. Orúkọ náà, ní èdè Gùn àti Fọ̀n, túmọ̀ sí pé «gbé mi kíákíá». Ìjọba kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, àìsí bọ́ọ̀sì ni ó bí i. Àgbẹ̀ tí òjò kò rọ̀ fún, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí tí kò rí iṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọjà rẹ̀ kò tà, gbogbo wọn ni ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò, tí wọ́n gun alùpùpù. Bí àwọn ènìyàn yìí bá jókòó sílé fún ọjọ́ méjì péré, Kútọnu yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Nítorí náà, àwọn tí ó máa ń bú wọn pé ariwo wọn pọ̀, pé èéfín wọn pọ̀, yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbé ara lé zémíjàn nìkan ti gbé ara lé epo kpayo. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń san lórí epo ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi dé inú ìgò kpayo ní ẹ̀gbẹ́ títì Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Owó epo fò sókè, owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 30 lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni alùpùpù tí ó ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i lójú títì, tí àwọn oní-zémíjàn ń pààrọ̀ bátìrì dípò kí wọ́n ra epo. Èyí dára fún àpò awakọ̀, ó sì dára fún imú ẹni tí ó ń gbé ní Étoile Rouge. Ṣùgbọ́n alùpùpù ni alùpùpù ń jẹ́. Ẹnì kan ni ó ń gbé, ìyá àti ọmọ bí ó bá pọ̀ jù. Kò lè dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Godomey kù.

Ibi tí ìlọsíwájú ti hàn sí ojú gbogbo ènìyàn ni títì inú àdúgbò. Àwọn tí ó mọ Kútọnu tẹ́lẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní «von»: ọ̀nà oníyanrìn tí òjò kan péré ń sọ di odò, tí ìyá ọlọ́mọ ń ká aṣọ sókè kí ó tó lè kọjá. Ètò tí ìjọba pè ní Asphaltage, èyí tí ó kan ìlú 9, títí kan Kútọnu, Àjàṣẹ́, Calavi, Sèmè-Podji àti Parakou, ti tẹ́ òkúta tàbí ọ̀dà sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojú àgbàrá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iná sì ń tàn lálẹ́. Ọmọbìnrin tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lè rí ibi tí ó ń fẹsẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èyí kò ṣe nǹkan.

Títì tuntun náà ní ohun mìíràn nínú tí ìwé ìṣirò kì í sọ. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ, onílé a pe ayálégbé rẹ̀, a ní títì ti dé, owó ilé yóò gòkè. Òfin kan wà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2018, tí ó dá sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ó kọ̀ fún onílé láti gba owó àsansílẹ̀ tí ó ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Òfin tí ó dára ni, nítorí kí ó tó dé, àwọn onílé mìíràn a máa béèrè owó oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kí wọ́n tó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ayálégbé ni ó mọ̀ pé òfin náà wà? Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa san ohun tí wọ́n bá ní kí ó san, ẹni tí kò bá sì rí i san a kó ẹrù rẹ̀. Báyìí ni títì tí wọ́n ṣe nítorí ayálégbé fi ń lé ayálégbé jáde. Ibo ni yóò lọ? Yóò lọ sí ibi tí títì kò tíì dé, níbi tí owó ilé ṣì rọlẹ̀, ní Togba, ní Hêvié, tàbí ní etí ọ̀sà Nokoué, ní Ladji àti Vossa, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi pàǹtírí kún inú omi kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ní àsìkò tí ọ̀sà bá kún, omi a wá béèrè ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ìjọba ń ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù fáráǹkì sẹ́fà láti la ojú àgbàrá káàkiri Kútọnu. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí àárín òkun àti ọ̀sà ni ìlú náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n bí owó ilé ní àárín ìlú bá ń lé tálákà lọ sí etí omi lọ́dọọdún, ìdílé tuntun yóò máa dé inú omi ju èyí tí ojú àgbàrá ń yọ kúrò lọ.

Ní àwọn ìlú tí ó yí Bẹ̀nẹ̀ ká, wọ́n ti gbìyànjú nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ìjọba Èkó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò tán, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 12 mọ ibi tí yóò ti wọ̀ ọ́. Ní Lomé náà, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú tí wọ́n ń pè ní SOTRAL wà láti ọdún 2008. Lomé kò lówó ju Kútọnu lọ.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò ṣàìní ohun tí ó lè fi bẹ̀rẹ̀. Ojú irin tí ó gùn ní kìlómítà 438 láti Kútọnu dé Parakou gba Godomey kọjá, ó sì gba Sábẹ. Àwọn àgbà Sábẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń kó iṣu wọ ọkọ̀ ojú irin. Òmíràn lọ láti Kútọnu sí Àjàṣẹ́ àti Pobẹ̀. Koríko ti hù sí àárín òpó wọn, ilé ìtajà ti jókòó lé wọn lórí ní ibòmíràn. Ọ̀sà Nokoué náà wà, tí ó lọ láti Calavi dé ẹ̀yìn Dantokpa, tí àwọn obìnrin Ganvié ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ẹja, nígbà tí àwọn oní-mọ́tò dúró sójú kan ní Vêdoko. Títún ojú irin ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ogún tí ó ń ti Ouèdo lọ sí Kútọnu láàárọ̀, tí ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́ ní wákàtí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ojú irin.

Ọ̀nà kejì ni pé kí iṣẹ́ súnmọ́ ilé. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ èyí. Àgbègbè ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Glo-Djigbé, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 1 640, ni ibi tí wọ́n ti ń fi òwú ilẹ̀ yìí ṣe aṣọ, tí wọ́n sì ń fọ́ kájú. Ọjà ńlá tí àwọn olówò yóò ti máa tajà lódindi wà ní Akassato. Bí àwọn ibi wọ̀nyí bá gba òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ kò ní rí ìdí láti la Godomey kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n láti Ouèdo dé Glo-Djigbé náà, ènìyàn ṣì nílò ohun tí yóò gbé e. Alájàpá tí ó ń ra ọjà ní Akassato láti lọ tà á ní Kútọnu yóò sì sanwó ọkọ̀ tí kò san nígbà tí ọjà rẹ̀ wà ní Dantokpa. Ta ni ó ti ka owó yẹn?

Ní ibi tí mẹ́rì àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá ti ń jíyìn fún ará ìlú, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti dìde, kí ó béèrè. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé kíkà ní èdè rẹ̀ lè ka iye, kódà bí kò bá gbọ́ Faransé. Iye kò ní èdè. Kò yẹ kí ó tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn láti gbọ́ pé ilé báyìí ni wọ́n parí, títì báyìí ni wọ́n tẹ́. Kí ó béèrè iye nínú àwọn ilé náà tí ènìyàn ń sùn sí. Kí ó béèrè iye àwọn tí kò ní owó oṣù nínú àwọn tí ó gba kọ́kọ́rọ́. Kí ó béèrè ohun tí ayálégbé ń san ní àdúgbò tí títì dé lọ́dún tí ó kọjá, àti iye tí ó ń san nísinsìnyí. Bí wọn kò bá ní ìdáhùn, kí wọ́n lọ wá a kí ọdún mìíràn tó pé. Kò gba ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́ méjì tí ó ní ìwé àti gègé lè béèrè rẹ̀ láti ilé dé ilé láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ìṣirò kan wà tí ó rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí kò ní ná kómúùnù ju pátákó kan lọ. Kí wọ́n gbé pátákó náà kọ́ sí ara ògiri ilé iṣẹ́ mẹ́rì ní Calavi, kí wọ́n kọ ọ́ ní Faransé, ní Fọ̀n àti ní Yorùbá. Ìlà méjì péré ni yóò wà lórí rẹ̀: iye owó àti iye wákàtí tí ó ń gba ènìyàn láti ti Ouèdo dé Dantokpa ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ní oṣù kìíní ọdún, àti iye tí ó gbà á ní oṣù kejìlá.